Bá A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Àtijọ́ fún Ọmọdé: Ètò Ọjọ́ Mi àti Bí Iṣẹ́ Náà Ṣe Ń Lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àtijọ́ fún ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka gbogbo ìwé ìtàn tó wà nílé ayé tán kó tó gbé bírò. Irọ́ ni jàre. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ò ní kọ nǹkan kan, á kàn máa kàwé títí ọmọ tó fẹ́ kọ ọ́ fún á fi dàgbà, á lọ́kọ. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí: àárọ̀ wà fún kíkọ, ọ̀sán wà fún wíwádìí, alẹ́ wà fún kíkà á sétí ọmọ. Mi ò kí ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kíkọ ló sì máa ń ṣáájú, kódà tí mi ò bá tíì mọ ìdajì nǹkan tó yẹ kí n mọ̀.

Kó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú ìtàn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a fẹ́ kọ ìwé fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá nípa ọdún tí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Western Region, ìyẹn 1955. Gbogbo àgbà ló mọ ìtàn yẹn: ìjọba Awólọ́wọ̀ ni, Awokoya tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ló gbé ètò náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 1952, iléèwé ṣí ní 17 January 1955, iye ọmọ tó wà ní pírámárì tó jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954 fò sókè kọjá 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo, ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ṣe pírámárì tẹ́lẹ̀ di mẹ́fà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ wo ló fẹ́ ka ìyẹn? Ọmọdé ò lè fojú rí 811,000, ọwọ́ ló lè rí.

Torí nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ò ní ìwé ọjọ́ ìbí, kódà òbí míì ò lè sọ ju pé ọdún tí òjò ńlá rọ̀ la bí i lọ. Kí tíṣà wá ṣe? Á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá láàárín orí kó fi kan etí òsì. Tó bá kàn án, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà nìyẹn, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Tí ò bá kàn án, kó padà sílé lọ máa jẹun kó dàgbà. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé wa wà. Ètò ìjọba odindi kan dá lórí ọwọ́ ọmọ kékeré tó ku ìka kan péré kó dé etí.

Ohun tí mo máa ń wá nìyẹn kí n tó gbà láti kọ ìtàn kan, ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti kan ọmọ lára. Bí mi ò bá rí i, mo máa fi ìtàn yẹn sílẹ̀ fáwọn tó ń kọ̀wé fágbà. Tẹ́ ẹ bá sì wá a dáadáa ẹ máa rí i níbi púpọ̀. Àjàyí Crowther ò ju bí ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá lọ nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, òun fúnra ẹ̀ sì kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà nígbà tó dàgbà. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ńkọ́? Àgọ́ ogun yẹn ò tú títí di 1893, àgọ́ di ìlú, wọ́n ń dáko níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sójú ogun, tó rò pé bí ìbọn ṣe ń dún lójoojúmọ́ yẹn náà ni gbogbo ayé ṣe ń dún, ẹ ò rí i pé ìwé ńlá nìyẹn? Ẹni tó bá fẹ́ kó mú un o, mi ò tíì kọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ibẹ̀, ó kan ọmọ tẹ́ ẹ máa fi sí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ fúnra yín dá ọmọ náà, ẹ má fi ẹni tó wà láyé rí ṣe ẹni tó gbé ìtàn dání. Ẹni tó wà láyé rí lẹ́bí, ó lọ́mọ ọmọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá fi sí i lẹ́nu ni wọ́n máa bi yín pé níbo lẹ ti gbọ́ ọ, wọn ò sì jẹ̀bi. Àwọn èèyàn ńlá kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn: orúkọ tí wọ́n dá nínú asọ̀rọ̀mágbèsì, mọ́tò tó kọjá tí eruku sọ, orin tí bàbá ń kọ tó bá ń fá irùngbọ̀n. Ọmọ tẹ́ ẹ dá ní kó wà láàárín.

Nínú ìwé wa, ẹ jẹ́ ká pe ọmọ náà ní Àdùkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀kọ. Àbúrò ẹ̀, Àlàó, ló ń lọ fọwọ́ kan etí. Ẹ rí i pé mi ò fi Àlàó ṣe ẹni tá à ń tẹ̀ lé, torí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò ní gbà kẹ́ ẹ fún òun ní ìtàn ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ẹgbẹ́ ẹ̀ tàbí ti ẹni tó jù ú lọ díẹ̀ ló fẹ́. Ìbéèrè tó sì máa gbé ìwé náà dúró nìyí: ṣé Àdùkẹ́ náà máa lọ síléèwé ni, àbí òun lá máa kiri ẹ̀kọ kí àbúrò ẹ̀ lè lọ? Wọn ò gbowó iléèwé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ kiri ẹ̀kọ. Tẹ́ ẹ bá ti ní irú ìbéèrè yẹn lọ́wọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ má dúró de nǹkan kan mọ́.

Ó yá, ètò ọjọ́. Mo máa ń jí ní nǹkan bí aago márùn-ún, mo máa gbàdúrà, mo máa po tíì, mo máa jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná torí ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ti ní wá bá mi sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn. Fóònù wà ní yàrá kejì, mo ti pa á. Ìwé ẹkisasáìsì àti bírò ni mo fi ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ́kọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra kọ̀ǹpútà o, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú kọ̀ǹpútà, tí mo bá ti ní kí n kàn yẹ nǹkan kékeré kan wò báyìí, àwòrán Dùgbẹ̀ àtijọ́ kan á fà mí dé ọ̀dọ̀ òmíì, òmíì á fà mí dé ibi tí mi ò mọ̀ rárá, oòrùn á ti yọ, mi ò ní tíì kọ ìlà kan. Tó bá jẹ́ ìwé ni, kódà kí wọ́n mú iná lọ, kò kàn mí, àtùpà wà.

Ẹ má fi iye tó pọ̀ há ara yín lọ́rùn. 500 ọ̀rọ̀ lójúmọ́ ti tó gan-an. Mo máa ń jẹ́ kí orí kọ̀ọ̀kan wà láàárín 1,000 sí 1,200 ọ̀rọ̀, torí ìyẹn ni òbí tàbí tíṣà lè kà tán lẹ́ẹ̀kan náà kí oorun tó gbé ọmọ lọ, orí mẹ́wàá sí méjìlá sì ti di ìwé. Tó bá tó aago méje ààbọ̀, ilé ti jí, ariwo ti bẹ̀rẹ̀, mo máa dáwọ́ dúró, kódà tó bá ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn kí n dúró níbi tó ti ń dùn, torí lọ́la mi ò ní jókòó máa wo ìwé bí ẹni tó ń wo òkè, mo ti mọ ibi tí mo ń lọ.

Ẹ máa bi mí pé báwo lẹ ṣe máa kọ nǹkan tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀. Ẹ fi WÒÓ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni, lẹ́tà ńlá, W, Ò, Ó, kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ìwé mi láàárọ̀ sábà máa ń rí báyìí: ìyá Àdùkẹ́ na WÒÓ sí i kó lọ ra karosíìnì wá lọ́wọ́ ìyá WÒÓ, ó sì ní kó má dúró wo àwọn WÒÓ lójú ọ̀nà. Tẹ́lòmíì bá kà á á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àárọ̀ kì í ṣe àsìkò tá a fi ń wádìí iye tí karosíìnì jẹ́ ní 1955. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ láàárọ̀ ò ju ohun tí Àdùkẹ́ ń fẹ́ àti ẹni tí ò jẹ́ kó rí i gbà. Àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀: iye WÒÓ tó wà nínú ojú ìwé ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́sàn-án, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí tí ò láàlà, ó máa ń gbé òǹkọ̀wé mì ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà nítòsí. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí:

«Ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Inú gbogbo òbí dùn púpọ̀. Ní àsìkò yìí, ọmọbìnrin kan wà ní ìlú Ìbàdàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àdùkẹ́.»

Ọmọ ti dìde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n tíṣà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ tíṣà ni. Pé inú gbogbo òbí dùn yẹn gan-an kì í ṣe òótọ́, màá débẹ̀. Ẹ wá wo èyí:

«"Gbé orí ẹ dúró."
"Mo gbé e dúró."
"O ò gbé e dúró, o tẹ̀ ẹ́. Tíṣà máa rí i."
Àlàó tún na ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí, ó fi eyín di ètè. Ọyẹ́ ti jẹ́ kí ètè náà bẹ́. Ìka ẹ̀ rá lórí irun, ó dé ẹ̀yìn etí, ó dúró.
"Ó ti kàn án!"
"Irun lo kàn." Àdùkẹ́ bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra ètè àbúrò ẹ̀. "Òní Sátidé. Ó ku ọ̀la, ó ku ọ̀tunla. Tún un ṣe."»

Kò sí ọdún níbẹ̀, kò sí ìjọba, kò sí Awólọ́wọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kà á ti mọ̀ pé ìdánwò kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé ọmọ yìí lè fìdí rẹmi, pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò fẹ́ kó fìdí rẹmi. Òun fúnra ẹ̀ á ti gbé ọwọ́ kọjá orí wò níbi tó jókòó sí. Gbogbo ọmọ tí mo ti kà á fún ló ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dán an wò. Ọdún lè wà lára kàlẹ́ńdà tó kọ́ sára ògiri lójú ewé kẹta, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n á rí i níbẹ̀.

Ọ̀sán ló kù. Lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun tí mo sì ti ṣe iṣẹ́ tó ń gbé owó wọlé (torí ìwé ọmọdé nìkan ò lè bọ́ èèyàn o, ká sọ òótọ́), mo máa jókòó ti àwọn WÒÓ. Èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni kàlẹ́ńdà, àwọn èèyàn ò sì kí ń ṣe é. Kàlẹ́ńdà inú fóònù yín lè padà sẹ́yìn dé 1955, ẹ ṣí i wò, 17 January yẹn Mọ́ńdè ni. Ìdí tí mo fi mọ̀ pé Sátidé ni Àdùkẹ́ ń dá Àlàó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Bó bá sì ti jẹ́ January, ọyẹ́ ń fẹ́ nìyẹn, ètè ń bẹ́, òrí wúlò, kò sí òjò, kò sí àgbàdo tútù, máńgòrò ò tíì pọ́n. Agbálùmọ̀ ló wà lórí igbá. Tẹ́ ẹ bá fún ọmọ ní àgbàdo sísun jẹ ní January 1955, ìyá àgbà kan máa rí i, á sì pe ẹ̀yin àti ẹni tó tẹ ìwé náà. Ààwẹ̀ náà ńkọ́? Ààwẹ̀ ọdún yẹn bọ́ sí ìparí April wọ May, ẹ má lọ gbé e sí oṣù míì torí pé ìtàn yín nílò sààrì.

Owó ni WÒÓ tó máa ń pọ̀ jù. Kò sí náírà nígbà yẹn, 1 January 1973 ni náírà dé. Pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ná, kọ́bọ̀ 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà. Ihò wà láàárín kọ́bọ̀ ìgbà yẹn, wọ́n lè fi okùn sín in, ohun tí ọmọdé máa fẹ́ràn nìyẹn ju iye tó lè rà lọ. Ẹ má tò ó fún wọn bí ìṣirò o. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Àdùkẹ́ gba tọ́rọ́, kó ra nǹkan kọ́bọ̀ kan, kó gba kọ́bọ̀ méjì padà, ọmọ á ti mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnì kankan kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ayé owó ẹyọ, bákan náà ni: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ru ọ̀kẹ́ yẹn kí ọrùn dùn ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá máa yọ àwọn nǹkan tí ò tíì dé láyé kúrò, ẹ má ṣàánú ẹ̀. Láílọ́ọ̀nù ò sí lọ́wọ́ oníṣòwò, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, òun náà ni wọ́n fi ń di àkàrà, àbí bébà ìwé ìròyìn tó ti gbó. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, WNTV ò bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn títí di October 1959. Cocoa House ò tíì sí, 1965 ni wọ́n parí ẹ̀, Mápó ló wà, ó ti wà láti 1929. Kò sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò sí àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun. Mọ́tò ń gba ọwọ́ òsì, torí April 1972 la tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí náà nígbà tí bọ̀lẹ́kájà bá ń bọ̀, ẹ ronú ibi tí ọmọ máa wò kó tó sọdá títì.

Níbo la ti ń rí gbogbo ẹ̀? Ilé àkójọ ìwé ìjọba, National Archives, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gba ìwé ìròyìn àsìkò yẹn, Tribune ti wà láti 1949, Daily Times ti wà tipẹ́, ẹ fo ojú ewé àkọ́kọ́ tí àwọn olóṣèlú ti ń bú ara wọn, ẹ lọ síbi ìpolówó ọjà. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí kẹ̀kẹ́ ṣe rí, oògùn tí wọ́n ń lò fún ikọ́, irú bàtà tó wà lóde. Ẹ mú pẹ́ńsù lọ, ẹ mú sùúrù lọ, kẹ́ ẹ sì ti kọ àwọn WÒÓ yín sí bébà kan kẹ́ ẹ tó wọlé, torí ibẹ̀ dùn ju kí èèyàn má sọ nù síbẹ̀ lọ. Fún ìtàn ìlú tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, àwọn bàbá wa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọba Isaac Akínyẹlé tó jẹ Olúbàdàn ní 1955 yìí kan náà ti kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá láti 1911. Ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897 náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó kọ́kọ́ kọ sọ nù, àbúrò ẹ̀ ló tún un tò tó jáde ní 1921. Ẹ kà wọ́n, àmọ́ ẹ rántí pé ìtàn àwọn jagunjagun àti ọba ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí ọmọ jẹ láàárọ̀ ò sí nínú ẹ̀.

Ohun tí ọmọ jẹ láàárọ̀, ẹnu àwọn àgbà ló wà. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin báyìí, torí náà ẹ má fi falẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ṣánlẹ̀ lọ, ẹ mú nǹkan dání bó ti wù kó kéré mọ, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè ilé béèrè ọ̀nà, ẹ má yọ fóònù kẹ́ ẹ máa gba ohùn wọn sílẹ̀ láìtọrọ àyè. Tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n pé «báwo layé ṣe rí nígbà yẹn, mà?» ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n máa ní ayé dáa nígbà yẹn, ọmọ mi, gbogbo nǹkan ló dẹ̀, ọmọ ń gbọ́ràn. Ó tán. Nǹkan kékeré ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: Kí lẹ jẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ síléèwé? Ta ló mú yín lọ? Kí lẹ jókòó lé? Kí lẹ fi ń kọ̀wé? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pa síléètì rẹ́ kí lẹ fi ń pa á, omi ni àbí itọ́? Ta ló kọ́kọ́ nà yín? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dáhùn ẹ̀, orúkọ tíṣà á jáde, ibi tí pàṣán bà á jáde, orúkọ ẹni tó fi ẹjọ́ sùn náà á jáde.

Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ṣe é kẹ́ ẹ rí i, kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ nìkan. Bàbá kan tí mo bá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti etí yìí, bó ṣe ń ṣàlàyé ló gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó gbé e kọjá orí, bí ìka ẹ̀ ṣe ń sún mọ́ etí ló rọra tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ bàbá ti gùn tó láti kan èjìká kejì o, síbẹ̀ ó ṣì ń rẹ́ tíṣà jẹ. Ibẹ̀ ni «o tẹ̀ ẹ́, tíṣà máa rí i» ti wá. Kò sí ilé àkójọ ìwé tó lè fún yín nírú ẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má gba ọjọ́ àti ọdún lẹ́nu wọn ṣáá. Ọ̀pọ̀ máa ní ọdún tí àwọn bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni Ọbabìnrin Elizabeth wá, tí wọ́n to àwọn sójú títì tí wọ́n ń ju àsíá. Ọbabìnrin wá lóòótọ́, ó dé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n January sí February 1956 ni. Irú ẹ̀ ò ba nǹkan jẹ́, ẹ gba bó ṣe rí lára lọ́wọ́ àgbà, ẹ gba ọjọ́ lọ́wọ́ ìwé.

Mo ní màá débi ọ̀rọ̀ pé inú gbogbo òbí dùn. Owó orí ni ìjọba gbé lé àwọn èèyàn lórí kí ètò náà lè dúró, ọ̀pọ̀ ló bínú, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀) tó ń ṣèjọba tiẹ̀ fìdí rẹmi ní Western Region nínú ìbò àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ Àkùkọ (NCNC) ló borí, wọ́n sì ka owó orí yẹn mọ́ ohun tó fà á. N'Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú tiwọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí náà ń bẹ̀rù, torí ṣọ́ọ̀ṣì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn iléèwé, wọ́n ti rí ọmọ tó lọ ní Ràṣídì tó padà ní Richard. Àwọn òǹkọ̀wé ọmọdé míì máa ń gé gbogbo ìyẹn dànù kí ìtàn lè dùn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọdé mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń jà lórí owó, ilé wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó gba ẹnu èèyàn jáde, kó má di ẹ̀kọ́ ìtàn. Bàbá Àdùkẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ Àkùkọ pọ́ńbélé, ò ní dúró sí pálọ̀ kó máa sọ pé «gẹ́gẹ́ bí ìwọ ìyàwó mi ṣe mọ̀, ìjọba Ọlọ́pẹ ti gbé owó orí kalẹ̀». Ta ló ń bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn? Ẹ jẹ́ kó máa wá bàtà ẹ̀ kiri, kó ní: «Ọ̀fẹ́ kí ni? Owó orí mi ni wọ́n fi kọ́ ọ, mo ti san án.» Kí ìyá dákẹ́ díẹ̀, kó ní: «Tó o bá ti san án, ṣebí ká jẹ́ kí ọmọ méjèèjì lọ jẹ ẹ́ nígbà náà.» Ìṣèlú 1954 ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ sì ti sún síwájú.

Ti ẹgba náà, ẹ má pa á mọ́, ẹ má sì fi ṣe àríyá. Wọ́n na ọmọ nígbà yẹn, ìlà kan ti tó, kí ọmọ tó ń kàwé mọ̀ ọ́n lára, ká máa lọ.

Alẹ́ ni mo máa ń mọ̀ bóyá mo ṣiṣẹ́. Mo máa ka ojú ewé ọjọ́ yẹn fáwọn ọmọ, tèmi tàbí ti aládùúgbò, ẹni tó bá wà nítòsí. Mi ò kí ń bi wọ́n pé ṣé ó dùn, wọ́n máa ní ó dùn, mà, torí wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ara wọn ni mo máa ń wò. Níbi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ fa okùn mátì, mo máa fi bírò sàmì síbẹ̀, mi ò ní dúró. Níbi tó ti ní «ẹ dúró ná, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?» mo máa sàmì míì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó kọ nǹkan tuntun, mo máa padà síbi okùn mátì yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ibi tí mo ti ń fi ìwádìí ọ̀sán yangàn: mo ti rí orúkọ oríṣi aṣọ mẹ́ta, mo wá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ló máa kù.

Tí ìwé bá ti pé, ẹ jẹ́ kó sinmi, kẹ́ ẹ tó gbé e fún àgbà kan tó gbé láyé ìgbà yẹn àti ọmọ kan tí ò mọ̀ yín rí, àwọn méjèèjì yìí ló lè bá yín sọ òótọ́. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ojú ewé kan sẹ́yìn ìwé, níbi tẹ́ ẹ ti máa sọ fún ọmọ pé Àdùkẹ́ àti Àlàó ò sí láyé rí, èmi ni mo dá wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti etí yẹn ṣẹlẹ̀, owó orí ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni 17 January 1955. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ojú ewé yẹn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, àwọn míì tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé ni.

Ó wá ku ẹni tó ń ya àwòrán, ẹni yìí sì lè tú gbogbo iṣẹ́ yín ká láìmọ̀. Òun ò sí níbẹ̀ lọ́sàn-án tẹ́ ẹ ń wá WÒÓ. Ẹ kó àwòrán àtijọ́ ránṣẹ́ sí i kó tó gbé pẹ́ńsù, ẹ sọ fún un pé ọmọ ò wọ bàtà, pé ewé ló wà nínú igbá ìyá ẹlẹ́kọ, pé kò sí ike kankan nínú ilé yẹn, ìkòkò àti kèrègbè ni, pé ọ̀tún ni ìdí ọkọ̀ dẹ́rẹ́bà bọ̀lẹ́kájà wà. Kó kọ́kọ́ fi èyí tó fi pẹ́ńsù yà hàn yín kó tó kùn ún, torí tó bá ti kùn ún tán, owó míì lẹ máa fi tún un yà.